Fíìmù "Àyìnlá": alùpùpù kan ló gba ọ̀gá àpàlà lọ́wọ́ wa

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe fíìmù tuntun o. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ló ti jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan máa ń fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ rẹ̀ ni "Àyìnlá". Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Jade Osiberu ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Látéèf Adédìméjì ló ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, ìyẹn Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta.

A fẹ́ràn fíìmù yìí, a ò ní fi pamọ́. Orin inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin nìkan la torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò parọ́ fún wa nípa ẹni tí a fẹ́ràn. Ó fi ọ̀gá olórin hàn wá, ó fi oníbìínú hàn wá, ara ọkùnrin kan ṣoṣo sì ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tó bá wò ó dópin yóò rí i pé ìjà kékeré láàárín ẹni méjì tó ti jọ jẹun pọ̀ lè gba ohun tí odindi ìran kan kò ní rí gbà padà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa tí à ń tajà, tí à ń gun alùpùpù, tí à ń bá ara wa dá owó pọ̀ lójoojúmọ́.

Ta ni Àyìnlá Ọmọwúrà?

Àwọn àgbà wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ẹni tó ti ní rédíò ní ọdún 1975, tàbí tó ti jó níbi ìnáwó tí wọ́n ti ń lo àwo orin, mọ ohùn ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ láàárín wa tí wọ́n kàn mọ orúkọ lásán. Nítorí tiwọn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí.

Nǹkan bí ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní Ìtòkò. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Wúràmọ́tù ni orúkọ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ti wá: ọmọ Wúrà. Kò lọ sílé ìwé. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ilé arọ, ó kúrò níbẹ̀, ó wa ọkọ̀, ó ṣe alápatà, ó ṣe káfíńtà, ó sì ṣiṣẹ́ ní gáréèjì. Gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ tálákà máa ń ṣe kí ọwọ́ lè máa dé ẹnu ló ṣe. Onílù kan tó ń jẹ́ Adéwọlé Onílùọlá ló ṣàkíyèsí ẹ̀bùn tó wà lọ́fun rẹ̀, òun náà ló sì di aṣáájú àwọn onílù rẹ̀ nígbà tó yá.

Ẹ bá wa rò ó wò. Ọkùnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí ni ilé iṣẹ́ EMI ní Nàìjíríà wá ń gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Àwo tó ṣe lé ní ogún. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ń ka àwọn aráàlú ní ọdún 1973, Àyìnlá kọ ọ́ lórin. Nígbà tí wọ́n fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní owó Udoji, Àyìnlá tún kọ ọ́ lórin. Ẹni tí kò lè ka ìwé ìròyìn ń gbọ́ ohun tó ń lọ nílùú lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, pẹ̀lú èébú nígbà mìíràn. Bó ṣe ń yin olówó ló ń bá òṣìkà wí, tí olórin mìíràn bá sì fín in níràn, ó ń dá a lóhùn nínú àwo tó kàn. Wọ́n ń pè é ní Eégúnmọ́gàjí. Wọ́n ń pè é ní Alhaji Costly. Orúkọ méjèèjì ló bá a mu.

Àpàlà tó ń kọ, ọ̀pọ̀ ló gbà pé láàárín àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ló ti ṣẹ̀, láti ara ìlù àti orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí aráàlú jẹ sààrì nígbà ààwẹ̀. Àwa tí à ń gbé ní Ìpóbẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, a mọ bí òru ààwẹ̀ ṣe rí. Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n bí ní 1919 tó sì kú ní 1983, ni ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá àpàlà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni tirẹ̀ máa ń lọ, bí àgbàlagbà tó ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ti Àyìnlá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbóná, ó ń ta yọ́ọ́yọ́ọ́ lára bí ata. Ìlù gángan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló ń gbé e. Kò sí gìtá níbẹ̀. Ní abúlé tí iná mànàmáná kò bá dé, wọ́n lè fi àpàlà ṣeré di àárọ̀ láìsí ìṣòro kankan.

Ohun tí fíìmù náà fi hàn wá

Kèlání kò sọ ìtàn náà láti orí ibi tí wọ́n ti bí ọmọ. Ìgbà tí Àyìnlá ti di ọ̀gá ló mú, ìgbà tí owó ti dé, tí òkìkí ti dé, tí àwọn ìṣòro tó máa ń tẹ̀lé owó àti òkìkí náà sì ti dé. Ẹnìkan fẹ́ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọrin fún àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tuntun fẹ́ ṣí. Ṣùgbọ́n nílé, láàárín òun àti àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ, nǹkan ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀: ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ ta ni ọ̀gá. Ẹni tó ń wò ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí, síbẹ̀ yóò máa gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kó má rí bẹ́ẹ̀.

Látéèf Adédìméjì ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká kí i fún. Kò sin Àyìnlá jẹ bí ọmọdé ṣe ń sín àgbà jẹ. Ó wọ inú rẹ̀ lọ. Tó bá ń kọrin, ọkàn rẹ balẹ̀, o fẹ́ dìde jó. Tó bá dákẹ́ tó ń wo ènìyàn, ẹ̀rù á bà ọ́. Ẹni kan náà ló ń ṣàánú, tó ń náwó fún àlejò, tó tún ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń gún ọmọ ilé rẹ̀ lọ́kàn. A mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò sí abúlé tí kò ní tirẹ̀.

Ẹni tó tún yà wá lẹ́nu ni Mr Macaroni. Ẹ̀fẹ̀ la mọ̀ ọ́n sí. Lórí fóònù, a ti fi rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá. Nínú fíìmù yìí, òun ni Bayewu, mánéjà Àyìnlá, ẹni tí ìjà náà dé bá, kò sì sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Kò ṣe é bí ọ̀daràn tí wọ́n bí sínú ìwà burúkú. Ó ṣe é bí ẹni tó ti ń gbé ẹ̀dùn ọkàn mì lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀fun rẹ̀ kò wá gbà á mọ́. Èyí ló jẹ́ kí fíìmù náà dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òṣìkà pọ́nńbélé ló pa Àyìnlá, à bá bú òṣìkà, ká sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé ẹni bíi tiwa ni, oorun ò tètè kùn wá.

Kúnlé Afọláyan, Ọmọ́wùnmí Dada, Bímbọ́ Adémóyè, Adé Láoyè àti Bímbọ́ Manuel náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe ipa tiwọn dáadáa. Abẹ́òkúta gan-an ni wọ́n ti yà á. Ìlú tó wà nínú ìtàn náà ló wà lójú wa, òkè àti pàǹgá, àṣọ ìgbà náà, ọkọ̀ ìgbà náà. Àwọn àgbà tó bá wò ó yóò máa nàka sí nǹkan tí wọ́n ti gbàgbé.

Nígbà tí a wò ó ní Ahoyéyé, àwa mélòó kan la pé fóònù kan lé lórí lábẹ́ ọgbà. Ìlà Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ nísàlẹ̀ àwòrán. Àwa tó jẹ́ pé Faransé la kọ́ nílé ìwé kò rí i lò, a ò sì nílò rẹ̀. Ẹ̀gbá ló ń sọ̀rọ̀, Nàgó ló ń gbọ́, Ọ̀họ̀rí ló ń gbọ́. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá kan fẹ́ ta wá nù, ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn wa ló túmọ̀ rẹ̀ kí a tó béèrè. Títí ó fi dé ibi ìjà ìkẹyìn, ariwo kò tán lẹ́nu wa. Nígbà tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

A ò ní sọ pé kò sí àbùkù. Ó wù wá kí wọ́n túbọ̀ fi àwọn onílù hàn, nítorí pé àpàlà láìsí ìlù kì í ṣe àpàlà. Ó sì wù wá kí a rí díẹ̀ nínú ìgbà ìyà rẹ̀, ilé arọ àti gáréèjì, kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ tó ènìyàn jẹ yó.

Alùpùpù kan péré

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká kúrò nínú fíìmù díẹ̀, ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni. Bayewu ti ṣe mánéjà fún Àyìnlá rí, àárín wọn sì ti dàrú. Alùpùpù kan wà lọ́wọ́ Bayewu. Àyìnlá ní kó dá a padà. Àwọn méjèèjì pàdé ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Bayewu fi ife ọtí gbá Àyìnlá lórí. Bí Àyìnlá ṣe lọ nìyẹn, ọmọ ọdún bíi 47. Wọ́n gbé Bayewu lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ ikú fún un.

Alùpùpù kan. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe oyè. Lónìí, kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ alùpùpù náà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí irin rẹ̀ jẹrà sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó bá a lọ. Ká ní Àyìnlá pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, ká ní ó dé ọdún 2013, orin mélòó ni ì bá kọ? Ogun àti ọ̀tẹ̀, ìdìbò, fóònù alágbèéká tó dé, owó tó ń di bébà, gbogbo rẹ̀ ni ì bá sọ di orin. Ọgbọ̀n ọdún orin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wọlẹ̀ lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ilé méjì sì fọ́, ilé ẹni tó kú àti ilé ẹni tó pa á.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. A ti gbọ́ ọ débi pé etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Fíìmù yìí jẹ́ ká tún un gbọ́. Wọ́n tún máa ń sọ pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ wo bí ó ṣe bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àwọn méjèèjì ń jà lóòótọ́, kò sì dájú pé èyí tó na ọwọ́ ro ikú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí ti wà nílẹ̀, ife ti wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wò wọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ojo.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láàárín tiwa. Mélòó nínú wa ni kò ní alùpùpù tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan? Olówó ra alùpùpù, ó gbé e fún ọmọkùnrin kan kó máa fi ṣe zémidjan, kó máa mú iye kan wá ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Oṣù méjì lọ, owó kò pé. Ọmọkùnrin ní ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, olówó ní irọ́ ni. Tàbí ìyá kan gbé gàrí fún ẹnìkejì rẹ̀ ní àwìn, ó di ọjà kejì, ó di ọjà kẹta. Tàbí àjọ tí wọ́n ń dá, ẹni tó kó o lákọ̀ọ́kọ́ kò dá tirẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló dà bí ọ̀rọ̀ alùpùpù yìí. Owó tó wà nínú rẹ̀ kò tó pa ènìyàn. Ohun tó ń pa ènìyàn ni pé ẹni tó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún mi ló rí mi fín.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n ní ilé ọtí náà lọ́jọ́ náà ni ẹnìkẹta. Ẹni tí àwọn méjèèjì ń gbọ́ tirẹ̀, tí ì bá sọ pé ẹ gbé alùpùpù yìí wá sọ́dọ̀ mi lọ́la, ẹ lọ sùn. Àwa ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ o. A ní baálé, a ní ìyálọ́jà, a ní ààfáà àti pásítọ̀, a ní olórí àdúgbò, a sì ní ilé ẹjọ́ ìlàjà. Ìṣòro tiwa ni pé ìgbà tí ife bá ti fọ́ la máa ń rántí wọn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ owó lọ bá wọn nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ojú ẹni, ẹ má sì jẹ́ kó dé ilé ọtí.

Túndé Kèlání, ẹni tí kò jìnnà sí wa

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ Túndé Kèlání láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe "Ti Olúwa Nilẹ̀", òun ló ṣe "Ó Le Kú", "Ṣawo-roidẹ" àti "Agogo Èèwọ̀". Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti dàgbà. Ìlú tí Àyìnlá ti ń kọrin ni ìlú tó tọ́ Kèlání. Ìdí nìyẹn tí fíìmù náà kò fi dà bí ti àlejò tó wá ya fọ́tò tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó sì ti bá wa ṣe nǹkan pọ̀ rí. Ní ọdún 2006, ó ṣe "Abẹ̀ní", ìtàn ìfẹ́ tó wà láàárín Èkó àti Kútọnu, pẹ̀lú Amzat Abdel Hakim, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin wa níbí. Yorùbá àti Faransé ló pàdé nínú rẹ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹnubodè kò pín ẹnu wa.

Ẹnubodè yìí náà, ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe dé. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n fa ìlà. Kétu bọ́ sápá ibí, Abẹ́òkúta bọ́ sápá ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó bi wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Àwọn oníṣòwò wa kò jẹ́ gbàgbé ọdún náà. Nígbà tí "Àyìnlá" jáde ní 2021, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò tíì ṣí. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba Nàìjíríà tó ní kí wọ́n ṣí i. Ìrẹsì, tòmátì àti ẹran ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n orin Àyìnlá kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti ń kọjá láti ọjọ́ tí àwo rẹ̀ ti ń jáde, kò sì sí aṣọ́bodè tó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ fún àwọn tó ń ta fíìmù lọ́jà, kí wọ́n má bínú sí wa. Ó ti pẹ́ tí Kèlání ti ń pariwo pé àwọn tó ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ òun ló ń jẹ èrè òun. Ẹni tó bá ń kó fíìmù olófìíìmù sínú kádì fún owó sefà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń tà. Bí a bá fẹ́ kí irú fíìmù báyìí tún wá, ẹ jẹ́ ká máa wò ó níbi tí owó yóò ti dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é.

Ta ni yóò ṣe tiwa?

Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ṣe fíìmù nípa àwọn olórin ńlá. Ní 2018, "Bohemian Rhapsody" jáde nípa Freddie Mercury, olórin ẹgbẹ́ Queen. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí i sí, ní Zanzibar, ní 1946. Rami Malek tó ṣe é gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 2024, wọ́n ṣe ti Bob Marley. Fíìmù méjèèjì dùn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá Mercury ṣeré wà lára àwọn tó ṣe tirẹ̀, ẹbí Marley sì wà lára àwọn tó ṣe ti Marley. Àwọn kan sì sọ pé wọ́n fọ ìtàn náà mọ́ jù. Kèlání kò fọ Àyìnlá mọ́. Ó gbé e wá pẹ̀lú erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn ni ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ tí a lè fún òkú, kí a rántí rẹ̀ bó ṣe rí.

A wá ń wo ìhà tiwa. Gnonnas Pedro, tó kọrin ní èdè púpọ̀, tí Yorùbá sì wà lára wọn, kú ní 2004. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà, mélòó nínú wọn ló mọ̀ ọ́n? Ẹ sì jẹ́ ká sún mọ́ ilé sí i. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO ti kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti 2001, orin ẹ̀fẹ̀ òru ló gbé e ró. Ẹni tó ń kọ orin ẹ̀fẹ̀ ń ṣe ohun tí Àyìnlá ń ṣe: ó ń sọ ìròyìn, ó ń bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì ń fi òwe bo gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà olórin wọ̀nyí wà ní abúlé wa. EMI kankan kò wá gba ohùn wọn rí. Nítorí àwo ni Kèlání fi rí ohun tó fi ṣe fíìmù ní ogójì ọdún lẹ́yìn ikú Àyìnlá. Kí ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiwa ní ogójì ọdún sí i yóò rí?

Fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Tí àgbà olórin kan bá wà ní àdúgbò yín, ẹ lọ kí i, ẹ mú obì dání, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó kọ́ ọ lórin. Ẹ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín. Ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ abúlé sí i, kí ẹni tó bá rí i lọ́la lè mọ ibi tó ti wá.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rí Àyìnlá lójú nígbà ayé rẹ̀, tàbí tí ẹ ṣì ní àwo rẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́. A ṣe tán láti wá jókòó lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì tíì wo fíìmù náà, ẹ wá a wò. Ẹ pe ẹni tí ẹ jọ ní aáwọ̀ owó tàbí aáwọ̀ alùpùpù kó wá bá yín wò ó. Nígbà tó bá parí, ẹ sọ̀rọ̀ tó wà láàárín yín kí ó tó máa lọ sílé.